Ìpín Àwọn Onírù Búlúù

“‘Dádì, onírù pupa, oògùn. Onírù búlúù, omi lásán. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má pò ó pọ̀ o.’”

Alàájì Sànúsí ló ń sín Ọmọ́lẹ́yẹ jẹ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka méjì há imú kí ohùn ẹ̀ lè di tín-ín-rín, ó ń mi orí bí ọmọbìnrin náà ṣe máa ń mi orí tó bá ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tó rò pé kò tètè gbọ́. Ó tú imú sílẹ̀.

“Ṣé bó o ṣe wí nìyẹn?”

“Bí mo ṣe wí gan-an nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wá ṣe é?”

“Rárá.”

Ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó fẹ́ ṣúgà sí tíì ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé Alàájì l'Ájégúnlẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù. Ọmọ́lẹ́yẹ, ọmọ àbúrò Alàájì, tó ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì, tó ti dé kíláàsì àṣekágbá, gbé pátákó kan ka orí dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n kan pátákó náà bí àmì ìròpọ̀. Apá mẹ́rin ló ní: méjì ní ògiri lọ́tùn-ún lósì, méjì yòókù wà gbayawu, kò sí nǹkan kan létí wọn ju afẹ́fẹ́ lọ. Eku tẹ́rù bá ń bà á sá sáàárín ògiri, kò ní yọjú. Eku tí ọkàn ẹ̀ bá balẹ̀ á jáde síta, á máa ṣe fàájì. Ìdánwò náà ò ju ìyẹn lọ.

Eku funfun méjìlá ló ní. Àtìgbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti yanṣẹ́ lódì fún oṣù márùn-ún, tí kò sẹ́ni tó ń bọ́ eku nílé ìwé mọ́, ló ti kó wọn wá sílé Dádì Ajégúnlẹ̀, bí gbogbo ẹbí ṣe ń pe Alàájì. Ó fi máákà kun ìrù mẹ́fà ní pupa, ó kun mẹ́fà ní búlúù. Nígbà tí ilé ìwé wá ṣí, tó di pé kó lọ tò sórí ìlà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó rí orúkọ fi sílẹ̀, ó fa ìgò oògùn amọ́kànbalẹ̀ àti sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ lé Dádì lọ́wọ́. Kí àwọn tó mu oògùn jáde, kí àwọn tó mu omi sá pamọ́: ohun tó ń retí nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, gbogbo méjèèjìlá ló jáde.

“Nọ́ńbà mẹ́sàn-án rèé, Dádì. Ẹ wo ìrù ẹ̀.”

“Búlúù ni.”

“Omi ló yẹ kó máa mu láti ọjọ́ méje. Ó yẹ kẹ́rù máa bà á. Níbo ló wà báyìí?”

Alàájì tẹ̀ síwájú, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wo eku náà fínnífínní. Eku náà jókòó sí ṣóńṣó orí pátákó níta gbangba, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu irun ẹnu ẹ̀.

“Ó wà níta. Ó ń bọ́jú.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ti ń bọ́jú!”

“Lucky mọ́ tónítóní. Bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn.”

“Ta ni Lucky?”

“Ẹni tó o pè ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án.”

“Ẹ sọ eku mi lórúkọ?”

“Ọmọ́lẹ́yẹ, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ hẹ́dímáànù ní wáàfù Àpápá. Gáǹgù kan, èèyàn méjìlá, hẹ́dímáànù wà nínú wọn. O gbé kéèjì kalẹ̀, mo ka àwọn tó wà níbẹ̀, méjìlá. Mo ní, áà, gáǹgù pé. Ṣé kí n wá máa pè wọ́n ní nọ́ńbà ni? Lucky nìyẹn. Edwin ló sùn sínú kéèjì yẹn, ó máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí etí ẹ̀ kan gé, Bàdírù ni, torí Bàdírù kì í gbọ́ràn. Ovie ni èyí tó sanra jù, tó dùbúlẹ̀ lé àwọn tó kù lórí.”

Ọmọ́lẹ́yẹ pa ojú dé. Ó ka ení, ó ka èjì, kò dé ẹ̀ta.

“Dádì. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fo nǹkan kan.”

“Mo kírun Súbúhì tán.”

“Ẹn-ẹ́n.”

“Mo gbé ìgò oògùn. Mo gbé omi. Mo da méjèèjì pọ̀ sínú ife kan.”

“Yé!”

“Mo fi ṣíbí rò ó.”

“Yéè, Dádì!”

“Kó má baà sílẹ̀. Mo wá pín in. Sírínjì kan, ẹnì kan. Sírínjì kan, ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó gbà ju ẹnì kejì ẹ̀ lọ. Àfi Ovie.”

“Kí ló dé tí Ovie gbà jù?”

“Ovie ni hẹ́dímáànù.”

“Ta ló fi í jẹ ẹ́?”

“Àwọn tó kù ni. Tí kò bá tíì dìde nídìí oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń súnmọ́ ọn. Èmi ò dá sí i. Ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn ni.”

Ọmọ́lẹ́yẹ fìdí kalẹ̀ sórí àpótí. Lórí pátákó, Lucky bọ́jú tán, ó bẹ ìsàlẹ̀ wò bí onílé tó ń wò bóyá wọ́n ti gbá iwájú ilé.

“Dádì, ẹ gbọ́ mi. Mẹ́fà ló yẹ kó mu oògùn. Mẹ́fà ló yẹ kó mu omi.”

“Kí làwọn tó yẹ kó mu omi ṣe?”

“Wọn ò ṣe nǹkan kan.”

“Wọn ò ṣe nǹkan kan. Inú kéèjì kan náà ni wọ́n wà. Kí n ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, kí n fún Edwin ní oògùn, kí n fún Lucky lómi, kí Lucky máa wò mí báyìí.” Alàájì gbójú sókè, ó ṣe ojú Lucky. Ó ṣe é débi pé Ọmọ́lẹ́yẹ ò lè wò ó. “Ìwọ á lè ṣe é?”

“Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é níléèwé!”

“Ìyẹn ló jẹ́ kó o gbẹ báyìí.”

“Dádì, eku ò mọ ohun tí wọ́n fún un!”

“O ti bi wọ́n?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́—”

“Mo ní ṣé o ti bi wọ́n.” Alàájì fa àpótí kejì, ó jókòó. “Tá a bá ń já sìmẹ́ńtì nínú ọkọ̀ òkun, mílíìkì ni wọ́n máa ń pín fún wa nítorí eruku. Agolo kan, ẹnì kan. Súpáfáísọ̀ tuntun kan wá dé lọ́jọ́ kan. Ọmọ ìwé, bíi tìẹ. Ó ní agolo mẹ́fà ló kù, kí mẹ́fà mu mílíìkì, kí mẹ́fà mu omi. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ jà.”

“Ta ló jà? A jókòó. Kéréènì náà jókòó. Ọkọ̀ jókòó. Ọ̀gá ọkọ̀, òyìnbó, sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó ní kí ló dé tá ò ṣiṣẹ́. Mo ní a ń mu omi. Ó wo agolo, ó wo ojú wa, ó padà sókè. Ìgbà tó yá ni mo da mílíìkì agolo mẹ́fà yẹn sínú garawa kan, mo da omi sí i, mo rò ó, àwa méjèèjìlá mu ún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ọkọ̀ ti ṣófo.”

“Èyí kì í ṣe ọkọ̀! Ìdánwò ni! Tí gbogbo wọn bá mu ún, báwo la ṣe máa mọ̀ pé oògùn ló ṣiṣẹ́?”

“Ó ṣiṣẹ́. Ṣé o ò rí wọn ni?”

“Ta ló sọ pé oògùn ni? Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ti mọ́ wọn lára. Ó lè jẹ́ oúnjẹ tẹ́ ẹ fún wọn.”

“Ó lè jẹ́ ẹ̀pà.”

Ọmọ́lẹ́yẹ rọra yíjú sí i. “Ẹ̀pà wo?”

“Ẹ̀pà méjì-méjì tí mo fún wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.” Ó rò ó wò. “Ovie, mẹ́ta.”

“Dádì! Wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà!”

“O ò sọ ìyẹn. Pupa, oògùn, búlúù, omi, gbogbo ohun tó o sọ nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ẹ sọ ọ́ tán.” Ó na ọwọ́, ó fi ìka gbé Lucky kúrò lórí pátákó bí ẹni ń mú àkàrà láti inú epo, ó gbé e sínú kéèjì. “Àní, kí lo ń bínú sí? Mẹ́fà lo ní kó jáde. Méjìlá jáde. Mo fi mẹ́fà ṣe èènì fún ẹ.”

“Mi ò fẹ́ èènì!”

“O kọ èènì, l'Ájégúnlẹ̀. Má jẹ́ káráyé gbọ́.”

Ọmọ́lẹ́yẹ dìde. Ó fa ọrùn gùn, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wá di Dókítà Ebiere, obìnrin tó ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ níléèwé. Ohùn náà mú, ó ń já kọ̀ọ̀kan-kọ̀ọ̀kan.

“‘Ọmọ́lẹ́yẹ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Tó bá ti di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú kan, má wulẹ̀ wá mọ́.’ Òní ni Ọjọ́rú, Dádì! Aago mẹ́rin ni orúkọ àwọn tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ máa kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, aago márùn-ún ni òun fúnra ẹ̀ ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n pe ìwé yìí, mo ti lo mẹ́fà nídìí ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ń lọ. Tí mi ò bá gbé èsì dé iwájú ẹ̀, èmi nìkan ni màá jókòó sílé.”

“Ṣé obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà yẹn ni?”

“Òun ni.”

“O mọ̀ ọ́n sín jẹ. Ìdílé wa ni.”

Ibẹ̀ ni tírélà kan ti fọn fèrè lójú títì. Kì í ṣe fèrè kékeré. Irú èyí tí àwọn awakọ̀ tó ti tò fún ọjọ́ mẹ́ta láìwọ wáàfù máa ń fọn ni, tí páànù òrùlé á máa gbọ̀n. Ọmọ́lẹ́yẹ fò, ìwé bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣa ìwé náà. Ó gbójú sókè kó wo Dádì tó ń sáré wọlé, torí bí Dádì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Láti ọdún tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé ní wáàfù, tí tírélà bá ti fọn fèrè, Alàájì á dìde, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ariwo á fi lọ. Kì í kọjá géètì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń kírun. Ẹbí ò sọ ọ́ mọ́, wọ́n kàn máa ń wá kí i nílé ni.

Alàájì jókòó sórí àpótí ẹ̀. Ó ń fi ìka yún ẹ̀yìn Bàdírù.

“Dádì.”

“Mo ń gbọ́.”

“Tírélà fọn fèrè.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ẹ ò dìde.”

“Ṣé èmi ló ń pè?”

Ọmọ́lẹ́yẹ wo ojú ẹ̀. Ó wo ìgò oògùn lórí fèrèsé. Ó tún wo ojú ẹ̀.

“Dádì, ẹ dákun. Ṣé ẹ̀yin náà mu nínú oògùn yẹn?”

“Rárá o.”

“Alihamudulilai.”

“Mo kàn tọ́ ọ wò ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Àràárọ̀. Mo fẹ́ fún èèyàn méjìlá ní nǹkan, kí n má tọ́ ọ wò lójú wọn? Wọ́n á ní mo fẹ́ pa wọ́n.”

“Báwo lẹ ṣe tọ́ ọ wò?”

“Ṣíbí kan.”

“Ṣíbí tíì?”

“Ṣíbí ọbẹ̀.”

Ọmọ́lẹ́yẹ di orí mú. Ó ń ṣe ìṣirò nínú ọkàn ẹ̀, eku kan ṣíbí mélòó, hẹ́dímáànù kan eku mélòó, ìṣirò náà ń bà á lẹ́rù.

“Ara yín ń kọ́? Ṣé òòyì ò kọ́ yín? Ṣé ẹ ń sùn?”

“Mò ń sùn bí Edwin.”

“Kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀?”

“Kò sí.” Ó tún fi ìka yún ẹ̀yìn Bàdírù. “Mo rìn dé Warehouse Road lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.”

“Ẹ rìn dé ibo?”

“Warehouse Road. Mo fẹsẹ̀ rìn. Mo gba àárín àwọn tírélà kọjá. Ẹnì kan bẹ orí síta nínú ọ̀kan, ó ní, ‘Headman! So you still dey?’ Mo ní, ‘I dey.’ Mo ra ẹ̀pà. Mo padà sílé.”

“Dádì, ìgbà wo lẹ kọjá géètì yìí gbẹ̀yìn ná?”

“Ó ti ṣe díẹ̀.”

“Ọdún méje ni!”

“O wá mọ̀ ọ́n, o tún ń bi mí.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Kí ni kí n sọ? Pé mo ra ẹ̀pà?”

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Ọmọ́lẹ́yẹ ì bá dì mọ́ ọn. Àmọ́ aago ń lọ, àánú ara ẹ̀ ló ń ṣe é ju ti ẹnikẹ́ni lọ láàárọ̀ yẹn. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó yọ bírò lẹ́yìn etí.

“Ó dáa. Ó ti tán. Màá kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Onírù pupa mẹ́fà, wọ́n jáde. Onírù búlúù mẹ́fà, wọ́n sá pamọ́.”

Alàájì gbé ọwọ́ kúrò lára eku.

“Ta ló sá pamọ́?”

“Àwọn onírù búlúù.”

“Lucky?”

“Nọ́ńbà mẹ́sàn-án.”

“Lucky sá pamọ́.”

“Nínú ìwé, Dádì. Nínú ìwé lásán ni.”

“Èmi àti ìwọ jọ wà níbí. Lucky bọ́ síta, ó jókòó sí etí tí èèyàn lè ti já, ó bọ́jú, ó wo ìsàlẹ̀, kò mì. O fẹ́ kọ ọ́ pé ojo ni?”

“Eku ni! Kò mọ̀wé! Kò ní rí i láyé!”

“Èmi náà ò mọ̀wé.” Alàájì ò gbé ohùn sókè. Bí ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀. “Ẹnì kan tí kò sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ wá wò wá rí ló jókòó síbì kan, tó kọ orúkọ wa sínú ìwé. Ọmọ Dorothy tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ló kà á fún mi. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ mi pé mi ò lágbára mọ́, kí n máa lọ sílé. Àpò sìmẹ́ńtì méjì wà léjìká mi bó ṣe ń kà á. Mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo dúró gbọ́ ọ tán. Èèyàn á fẹ́ẹ́ yọ sójú títì lẹ́yìn ìyẹn, á máa rò ó pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ti ka ìwé náà.”

Bírò Ọmọ́lẹ́yẹ ń bẹ lójú ìwé, kò rìn.

“Tó bá jẹ́ pé wọ́n jáde,” Alàájì ní, “kọ ọ́ pé wọ́n jáde.”

“Mi ò ní rí orúkọ mi níbẹ̀, Dádì.”

“Mo gbọ́. Kọ ọ́ pé wọ́n jáde.”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù dún lórí dúrọ́ọ̀mù, tó ń gbọ̀n, tó ń rìn lọ sétí. Ọmọ́lẹ́yẹ wo ojú ẹ̀. Dókítà Ebiere ni.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, kò pète ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ṣe é. Ó ká ìró sókè, ó sáré wọ balùwẹ̀ onípáànù tó wà lẹ́yìn kànga, ó fa ilẹ̀kùn, ó lu ìkọ́ ẹ̀ pa, ó lẹ̀ mọ́ ògiri.

“Dádì, ẹ má gbé e! Ẹ jẹ́ kó dún tán!”

“Hẹ́lò,” Alàájì wí.

“Dádì!”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Rárá, kì í ṣe òun. Ó wà nínú balùwẹ̀. Rárá, ara ẹ̀ dá. Ó sá pamọ́ fún yín ni.”

Láti inú balùwẹ̀, nǹkan kan dún bí ìgbà tí èèyàn bá rọra ń fi orí lu páànù.

“Èmi ni bàbá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀. Sànúsí. Ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, mà, ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti parí ìdánwò. Méjìlá jáde. Méjìlá. Pupa àti búlúù. Torí pé èmi ni mo pín oògùn, mà, dọ́gba-dọ́gba. Àfi Ovie. Hẹ́dímáànù wọn ni. Rárá, kì í ṣe òun ló ní kí n pín in bẹ́ẹ̀, wàhálà tèmi ni.”

Ọmọ́lẹ́yẹ gbọ́ ohùn Dókítà Ebiere láti ibi tó wà. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀, àlùbọ́sà nìkan ló ń gbọ́ tó ń gé. Ó gé e pẹ́. Alàájì ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀.

“Ẹ ti sọ ọ́ tán, mà? Ẹ ṣeun. Ó fẹ́ẹ́ kọ irọ́ ni, mo ní kó dúró.”

“Dádì, ẹ pa mí!”

“Ó ń pè mí, mà, kì í ṣe nǹkan pàtàkì. Ẹ gbọ́, ẹ ní kó tún un ṣe, ó máa tún un ṣe. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni màá dúró tì í. Ẹ̀pà náà ti parí. Àmọ́ ẹ fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kí ẹgbẹ́ èèyàn lọ, kó ku òun nìkan nílé. Kò sí oògùn tẹ́ ẹ lè fún un mu tó máa tètè kápá ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni láti ọdún méje.”

Ọmọ́lẹ́yẹ di ojú, ó fi etí sí páànù.

“Èmi? Bẹ́ẹ̀ ni, mo tọ́ ọ wò. Ṣíbí kan láràárọ̀. Ṣíbí ọbẹ̀, mà. Ẹ má pariwo, ara mi le. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Kò sí òòyì. Kò sí èébì. Warehouse Road. Rárá, mi ò lo kẹ̀kẹ́, mo rìn ni. Ọdún méje. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀pà.” Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ó dáa, mà. Mo ti gbọ́. Ó dàbọ̀.”

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí ní ìwọ̀n ìka kan. Ojú kan yọ.

“Ṣé ó ti lọ?”

“Fóònù ni, Ọmọ́lẹ́yẹ. Kò sí níbí tẹ́lẹ̀.”

“Kí ló ní?”

“Ó ní orúkọ ẹ máa lọ pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ. Tó bá fi máa ti ìrìnàjò dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó o ti tún un ṣe. Tí kò bá bá a nílẹ̀, ó máa yọ ọ́ kúrò.”

Ọmọ́lẹ́yẹ jáde tán. “Ó bínú?”

“Ó pariwo. Mo jẹ́ kó pariwo. Ó rẹ̀ ẹ́.”

“Kò sọ nǹkan nípa irọ́ tí mo fẹ́ẹ́ kọ?”

“Ó ní ká ní o gbé mẹ́fà-mẹ́fà géérégé bẹ́ẹ̀ yẹn wá, òun á ti mọ̀ kó o tó jókòó. Ó ní eku kì í ṣe ṣójà.” Alàájì dìde, ó gbọn eruku ìdí ṣòkòtò. “Tún ìwé ẹ ká. Ó ní ká máa bọ̀ nísinsìnyí, kí òun lè fojú ara òun rí gbogbo àwọn tó mu ún kí òun tó lọ. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá.”

“Méjìlá ni eku, Dádì.”

“Mo mọ iye eku.”

Ó wọlé. Ó jáde pẹ̀lú fìlà tó dé wá síwájú orí àti bàtà dúdú tó ti kùn kalẹ̀ láti ìgbà tẹ́nì kankan ò mọ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ síwájú ilé.

Ọmọ́lẹ́yẹ kù sẹ́yìn, ó ń kó ẹrù. Ó da aṣọ bo kéèjì. Ó tún ká aṣọ náà sókè, ó ka àwọn eku, mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Bàdírù kiri abẹ́ àpótí, torí pé Bàdírù kì í gbọ́ràn. Ìgbà tó rí i, tírélà ti tún fọn fèrè lójú títì, méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró. Ó ń retí kí bàtà dúdú padà wọlé. Kò padà.

Ohùn Dádì ló gbọ́, láti ìta gan-an, láti ìkọjá géètì, tó ń pè é kọjá ariwo àwọn tírélà:

“Ọmọ́lẹ́yẹ! Mẹ́tàlá ni wọ́n ń retí o, ẹyọ kan péré ló tíì jáde!”